Àsè Tí Kò Fojú Kan Iná

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún 1951, Sèlíátù jókòó ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́ta ní ọjà Bouaké, ìlú kan ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ẹnikẹ́ni kò sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ta tòmátì àti àlùbọ́sà níbẹ̀, láti ìgbà tí Jàfárù ọkọ rẹ̀ ti mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin Baoulé, ọmọ onílẹ̀, kọjá, wọn kò wo ẹ̀gbẹ́. Àwọn Dioula tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ kí i láti òkèèrè, wọ́n bá tiwọn lọ.

Tòmátì náà kò ní àléébù kankan. Iná ni wọ́n fi òfin dè. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, iná ṣẹ́ yọ ní ẹ̀yìn àdúgbò Belleville, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń gbé e láti orí òrùlé koríko kan bọ́ sí òmíràn. Ilé mẹ́rìnlá ló jó kí wọ́n tó rí i pa. Ọlọ́run ṣàánú, kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ Sátidé yìí, akéde kòmàǹdáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, yí gbogbo ìlú ká, ó kéde ní èdè Dioula, ó kéde ní Baoulé, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná ní àgbàlá títí atẹ́gùn yóò fi rọlẹ̀, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ èédú. Ẹni tí wọ́n bá ká iná mọ́ lọ́wọ́, àtìmọ́lé ni. Ilé búrẹ́dì tó wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, nítorí pé inú bíríkì ni iná tirẹ̀ wà.

Ta ló fẹ́ ra tòmátì ọbẹ̀ nígbà tí kò ní í se ọbẹ̀? Èyí yé Sèlíátù. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un fọwọ́ lẹ́rán ju tòmátì lọ. Ọjọ́ kejì ni ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń ṣe é, láti ilé ẹnìkan dé ilé ẹlòmíràn, onílé ni yóò sì fún gbogbo ẹgbẹ́ lóúnjẹ. Oṣù yìí, ilé Jàfárù ló kàn. Ó kéré tán, ogójì ènìyàn ni yóò wá. Sèlíátù ti ra ìrẹsì sílẹ̀, ó ti bá alápatà sọ̀rọ̀ ẹran, ó ti yá ìkòkò ńlá méjì. Gbogbo rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́, kò sí iná tí yóò gbé e kà.

Jàfárù ti wá bá a ní ọjà lẹ́ẹ̀kan. Àwo tánganran ni òun ń tà ní òdìkejì ọjà.

"Ìyá Ọmọ́táyọ̀," ó ní, "bí a bá kó ìrẹsì yẹn lọ sí abúlé Mamini tí òfin yìí kò dé, kí wọ́n bá wa sè é níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ni yóò gbé e padà, Bàbá Ọmọ́táyọ̀? Kámíyọ̀ akẹ́rù Mamini kì í rìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bó bá sì rí ọkọ̀ wọ̀ pàápàá, nínú ooru yìí, á ti kan kó tó délé."

Jàfárù mi orí, ó padà sídìí àwo rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ro ohun kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́: kò tíì sí ilé tí ẹgbẹ́ dé tí wọn kò jẹun.

Nígbà tí oòrùn gun orí, obìnrin òyìnbó kan tó jẹ́ oníbàárà Sèlíátù dé. Pina ni orúkọ rẹ̀. Ará Ítálì ni. Birikìlà àgbà ni ọkọ rẹ̀, wọ́n mú un wá láti kọ́ ilé ìkẹ́rù alájà kan, inú ilé pákó tó wà ní ibi iṣẹ́ náà ni tọkọtaya ń gbé, láàárín ìfárí igi àti pákó. Òfin iná kan ibẹ̀ pẹ̀lú. Ó máa ń gbé tòmátì sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó rà á, ìyẹn sì bí Sèlíátù nínú púpọ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. "Ṣé ó rò pé mo tọ̀ sí i ni?" ló bi Jàfárù nígbà náà. Nígbà tó ṣe, Sèlíátù alára gbọ́ òórùn tòmátì méjì wò níkọ̀kọ̀, ó rí i pé òórùn èyí tó pọ́n lórí igi yàtọ̀ sí ti èyí tó pọ́n nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Faransé àwọn méjèèjì kò dán mọ́rán. Ibi tí Faransé bá ti tán, Dioula ọjà ni wọ́n ń fi kún un, ibi tí ìyẹn náà bá tán, ọwọ́.

"Sèlí," Pina ní, "ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tó kú, Madámù." Sèlíátù wá rò ó fún un: ìpàdé, ogójì ènìyàn, ìrẹsì, iná.

Pina gbọ́ ọ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Sèlíátù kò rẹ́rìn-ín, ó tètè lóṣòó síwájú rẹ̀.

"Má bínú. Ìyá mi ni mo rántí. Ní ìlú wa, bí ooru bá ti mú, ìyá mi kì í súnmọ́ ààrò, àlejò ìbáà kún ilé. Á kàn gé nǹkan, á pò ó, á tò ó sínú àwo. Àwọn èèyàn á máa fi ọwọ́ mú un, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ."

"Kí ni ó máa ń gé?"

Pina nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀. "Èyí."

"Ní tútù?"

"Ní tútù."

Sèlíátù wò ó bí ẹni pé ó sọ pé kí wọ́n fún àlejò ní ìrẹsì tí kò jiná. Pina kò bá a jiyàn. Ó bu búrẹ́dì kan nínú àpò rẹ̀, ó fi ọwọ́ ya tòmátì kan tó ti rọ̀ dáadáa sí méjì, ó fún un sórí búrẹ́dì náà, ó fi awọ rẹ̀ nù ún títí ojú búrẹ́dì fi pọ́n. Ó tọrọ iyọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ oníyọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn, ó wọ́n ọn sí i, ó nà án sí Sèlíátù.

Sèlíátù ṣe Bìsìmílà, ó gé e jẹ. Ó kọ́kọ́ di ojú, nítorí ó ń retí kíkan. Ó tún là á.

"Ó dùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan."

"Ó ku mẹ́ta!" Pina pàtẹ́wọ́. "Ó ku òróró, ó ku áyù. Méjèèjì wà nílé mi. Ẹ̀kẹta ni ewé kan, ìyẹn ni n kò rí níhìn-ín. Ewé kékeré, ó rí roboto díẹ̀, tí o bá fọwọ́ pa á, òórùn rẹ̀…" Ó fẹ́ ọwọ́ sí imú, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Sèlíátù dìde. Obìnrin kan tó ń ta ewé àti egbò kò jìnnà sí wọn, ó máa ń ní ẹfinrin wẹ́wẹ́ tí àwọn aláboyún àti àwọn tí inú ń run máa ń rà. Sèlíátù já ẹ̀ka kan wá, ó fi lé Pina lọ́wọ́.

Pina gbé e sí imú. Nígbà tó pẹ́ ni Sèlíátù rí i pé omi ti gba ojú rẹ̀.

"Ọdún kan ààbọ̀," Pina ní. "Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn."

Ibẹ̀ ni Sèlíátù ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò ṣe é. Kì í ṣe pé ó ti dá a lójú pé àwọn ẹgbẹ́ yóò jẹ ẹ́. Ó kàn rí i pé kò ní ọ̀nà mìíràn, àti pé obìnrin yìí mọ ohun tó ń sọ.

Wọ́n jọ káàkiri ọjà ní ọ̀sán náà. Pina á sọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń lò, Sèlíátù á sì ronú ohun tó jọ ọ́. Pina ní wọ́n ní wàrà funfun kan tó rọ̀, tí wọ́n máa ń gé pẹlẹbẹ, kí wọ́n fi tòmátì àti ewé sí àárín rẹ̀. Sèlíátù kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán tó fi fà á lọ́wọ́ lọ bá Fúlàní obìnrin kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Wàrà. Ojú ọ̀nà Botro ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń da màálù sí. Wàrà tó sè ní ọjọ́ Ẹtì wà nínú igbá, ó ń léfòó nínú omi ara rẹ̀. Pina tọ́ ọ wò, ó ní ó le díẹ̀ ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ìyá òun ì bá rà á. Wọ́n kó gbogbo igbá náà.

Ó tún ní wọ́n ní èso kan tó ní omi, tó dùn, wọ́n sì máa ń fi ẹran wé e, ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n fi atẹ́gùn gbẹ, tí wọ́n wá gé ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Ẹran kí ni?" Sèlíátù bi í.

Pina ṣí ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ìborùn tó wà lórí Sèlíátù.

"Ẹlẹ́dẹ̀," ó ní wẹ́rẹ́.

Sèlíátù kígbe, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń kọjá dúró wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, Sèlíátù ní, "Ẹran gbígbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ṣòro." Ó mú un lọ sọ́dọ̀ Hausa tó ń ta kílíṣí, wọ́n ra èyí tí ata rẹ̀ kò pọ̀ jù. Fún èso, wọ́n ra ìbẹ́pẹ mẹ́wàá tó pọ́n dáadáa àti ọsàn wẹ́wẹ́. Jàfárù gbé ìbẹ́pẹ náà lọ sílé fún wọn. Kò béèrè ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó ń wẹ̀yìn wò.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Pina dé pẹ̀lú agolo òróró ńlá kan, áyù, ọ̀bẹ méjì àti pákó ìgé-nǹkan. Sèlíátù kí i, ó gba òróró àti áyù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀bẹ. Ó ti ń rò ó láti òru àná bí yóò ṣe béèrè.

"Madámù, ẹ má bínú. Ọ̀bẹ yìí àti pákó yìí, ṣé wọ́n ti gé ẹran tí a sọ lánàá rí?"

Ó rọrùn fún Pina láti sọ pé rárá. Ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀.

"Wọ́n ti gé e," ó ní. "Nígbà Kérésìmesì. Mo fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e." Ó kó wọn padà sínú àpò, ó gbé àpò náà lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba ọ̀bẹ Sèlíátù. Láti ìgbà náà, Sèlíátù kò tún pè é ní Madámù mọ́. Pina ló ń pè é.

Búrẹ́dì tí wọ́n rà ní ilé búrẹ́dì ni wọ́n kọ́kọ́ mójú tó. Ní Ítálì, Pina ní, wọ́n máa ń fi iná gbẹ ẹ́ kó lè gba omi tòmátì láìrọ. Sèlíátù ní kò sí wàhálà. Ó gé búrẹ́dì náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó tò ó sórí àtẹ nínú oòrùn, ó fi aṣọ àlà bò ó nítorí ekuru. Kó tó di agogo mẹ́wàá, ó ti gbẹ kórókóró. Atẹ́gùn tó lé wọn nídìí ààrò ló bá wọn yan búrẹ́dì.

Wọ́n fi áyù ra búrẹ́dì náà lójú, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni fi ẹfun kọ nǹkan sára ògiri. Wọ́n gé tòmátì wẹ́wẹ́, wọ́n da omi kóró rẹ̀ nù, wọ́n fi iyọ̀, àlùbọ́sà tín-ín-rín, ẹfinrin tí wọ́n fọwọ́ já, àti òróró pò ó, wọ́n bò ó sílẹ̀ níbi òjìji kó wọra. Pina kò jẹ́ kí wọ́n bù ú sórí búrẹ́dì. "Bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n jẹ ẹ́," ó ní. "Ṣáájú ìyẹn, ẹ̀kọ ni yóò dà." Wọ́n gé wàrà pẹlẹbẹ, wọ́n gé tòmátì ńlá pẹlẹbẹ, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn bí òrùlé páánù, funfun, pupa, funfun, pupa, ewé láàárín. Wọ́n bó ìbẹ́pẹ, wọ́n gé e gígùn, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n fi kílíṣí wé e. Jàfárù kó àwo tánganran tuntun mẹ́fà wá láti inú ọjà rẹ̀, àwọn tó ní òdòdó lẹ́tí.

Ó tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹyọ kan, ó jẹ èkejì. "Ó dùn," ó ní. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Ẹgbẹ́ ńkọ́?"

Ìyá Ẹgbẹ́ ni Àtọ́kẹ́, olórí àwọn obìnrin. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, òun ló kọ́kọ́ dé Bouaké, òun sì ló gba gbogbo wọn sílé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí wọn kò mọ ẹnìkan. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè ta kò ó. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ló dé, ṣáájú gbogbo ènìyàn, bó ti máa ń ṣe. Sèlíátù kúnlẹ̀ kí i. Àtọ́kẹ́ dáhùn, ojú rẹ̀ sì wà lára àwo.

"Kí lèyí, ìyàwó Jàfárù?"

"Oúnjẹ ni, mà. Wọ́n ní ká má dáná, mà."

"Mo gbọ́. Òun ni mo ṣe rò pé gàrí àti omi tútù ni ẹ máa gbé kalẹ̀, kí a mọ̀ pé ó wù yín, apá yín ni kò ká a. Èyí wá ńkọ́? Tòmátì tútù? Ewé tútù?" Ó fi ìka kan gbé ẹfinrin. "Ṣé ewúrẹ́ ni ẹ pè ni, àbí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́?"

Ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó kẹ́yìn sí wọn.

Sèlíátù wọ yàrá. Ó jókòó sórí àpò ìrẹsì. Gàrí wà nílé lóòótọ́. Ó lè kó gbogbo àwo náà pamọ́, kó gbé gàrí àti ṣúgà jáde, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Pina wọlé tọ̀ ọ́. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti rí ojú Àtọ́kẹ́.

"Kí ló ní?"

"Ó ní oúnjẹ ewúrẹ́ ni."

"Áà." Pina jókòó tì í lórí àpò. "Ìyá ọkọ mi sọ bẹ́ẹ̀ sí mi ní ọdún tí mo wọ ilé wọn. Òkè ni wọ́n ń gbé, wọn kì í jẹ ewé. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe ehoro."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀. Ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu, n kò sì sọ̀rọ̀."

Sèlíátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó jáde lọ tún àwo tò.

Nígbà tí wọ́n kírun alásàrí tán, àgbàlá ti kún. Wọ́n ka àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn tí ilé wọn jó, ẹgbẹ́ sì pín àwọn tí kò nílé mọ́ sí ilé ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, ó sì pẹ́. Bó ti ń parí lọ ni Sèlíátù àti àwọn obìnrin ilé bu tòmátì sórí búrẹ́dì, wọ́n sì gbé àwo mẹ́fà náà síwájú wọn.

Ẹnìkan wúkọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn nà ọrùn.

Àlàájì Àmọ̀sù, alága wọn, arúgbó tí eyín rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, tẹ̀ síwájú wo àwo tó wà níwájú rẹ̀. "Sèlíátù," ó ní, "ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, ọmọ mi."

Sèlíátù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Iná ni kò sí. Búrẹ́dì ni èyí, oòrùn ló gbẹ ẹ́. Tòmátì ọjà mi ni. Wàrà Fúlàní ni èyí, ìbẹ́pẹ àti kílíṣí nìyẹn. Ọ̀bẹ ilé mi ni mo fi gé gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yìí ló kọ́ mi, òun ló sì mú òróró wá."

"Òróró wo ni?"

Sèlíátù wo Pina. Pina gbé agolo náà wá, ó fi àwòrán igi ólífì àti èso dúdú tó wà lára rẹ̀ hàn. Àlàájì gba agolo náà, ó sún un mọ́ ojú, ó gbé e sí imú. Ó ti lọ sí Mẹ́kà ní ọdún méjì sẹ́yìn.

"Sáítúnì," ó ní. Ó gbójú sókè wo gbogbo ènìyàn. "Ẹ̀yin èèyàn mi, òróró sáítúnì rèé! Igi tí Ọlọ́run fi búra. Mo jẹ ẹ́ ní Jídà, mo sì rò pé n kò tún ní í rí i kí n tó kú." Ó mú búrẹ́dì kan, ó ṣe Bìsìmílà sókè, ó gé e jẹ. Tòmátì ti rọ búrẹ́dì náà níwọ̀nba tí eyín márùn-ún kápá rẹ̀. Ó jẹ, ó gbé e mì. Ó mú wàrà. Ó tún mú wàrà. "Kí lẹ ń wò?" ó bi wọ́n. "Ṣé kí n dá a jẹ ni?"

Ọwọ́ ya bo àwo. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ariwo ọ̀rọ̀ ti gba àgbàlá. Ẹnìkan ní kílíṣí àti ìbẹ́pẹ ti yẹ kí wọ́n mọra láti ọjọ́ yìí wá. Ẹlòmíràn ní ẹfinrin yìí ni ìyá òun fi ń wo inú rírun, òun kò mọ̀ pé ó lè dùn. Jàfárù ń rìn kiri bí ẹni pé òun ló gé gbogbo rẹ̀.

Àtọ́kẹ́ ká apá mọ́ àyà lábẹ́ máńgòrò. Sèlíátù kò lọ bẹ̀ ẹ́, kò sì yẹra fún un. Ó mú ẹyọ wàrà àti tòmátì kan, ó jókòó sórí ẹní tí kò jìnnà sí i, ó ń jẹ ẹ́, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwo tó kù fẹ́ kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, Àtọ́kẹ́ na ọwọ́.

"Ta ló ní kí ẹ gbé ìyẹn kọjá mi?"

Wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹyọ kan. Ó pẹ́ kó tó jẹ èkejì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kó tó jẹ ẹ̀kẹta.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré," ó ní.

"Ẹ ṣeun, mà," Sèlíátù ní, ó sì na iyọ̀ sí i.

"Pe òyìnbó rẹ yẹn wá kí n rí i."

Pina wá, ó fẹ́ dúró, Àtọ́kẹ́ sì fi ọwọ́ gbá ẹní pé kó jókòó. Àwọn obìnrin yòókù kóra jọ. Wọ́n ń bi í ní ọ̀rọ̀, Sèlíátù ń túmọ̀: ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ọmọ mélòó ló bí, ta ló ń bá a fọṣọ. Pina ní ìyá òun wà láyé, nílé, nítòsí òkun, òun yóò sì kọ̀wé sí i nípa wàrà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé Bouaké, òní ni òun kọ́kọ́ jẹun láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí Sèlíátù túmọ̀ ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi ẹyọ kílíṣí tó kù lé e lọ́wọ́.

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n tú ká. Sèlíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Jàfárù, ó ń dágbére fún wọn. Àtọ́kẹ́ ló jáde kẹ́yìn. Ó di ọwọ́ Pina mú, ó ní òun yóò sìn ín dé títì, nítorí pé òkùnkùn kò ní í pẹ́ ṣú. Ó ń sọ̀rọ̀ fún un ní Yorùbá bí wọ́n ti ń lọ, ó ń sọ bí òun ṣe dé ìlú yìí nígbà tí òun kò mọ ẹnìkan, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀. Pina ń mi orí, ó ń dá a lóhùn ní èdè Ítálì.

"Kí ni wọ́n ń sọ fún ara wọn?" Jàfárù bi í.

"N kò mọ̀," Sèlíátù ní, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ."